Hítà ọkọ̀ ayé àtijọ́: Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó bá wọlé ni ó bá ọkọ̀ mu

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí oṣù kọkànlá ọdún bá ti wọlé, òtútù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ wa ọkọ̀ jáde ní òwúrọ̀ yóò kọ́kọ́ bá yìnyín lára gíláàsì. Bí ó bá sì wọ inú ọkọ̀ tán, èémí ẹnu rẹ̀ gan-an yóò ṣú bo gíláàsì iwájú, kò sì ní í rí ọ̀nà. Ẹ̀rọ tí ó ń gba awakọ̀ lọ́wọ́ ìyọnu yìí ni hítà. Bí ó bá dákẹ́ nínú ọkọ̀ tuntun, ọ̀rọ̀ kò le, ẹni tí ó ta ọkọ̀ náà mọ ibi tí yóò ti rí òmíràn. Ṣùgbọ́n bí ó bá dákẹ́ nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣe láti nǹkan bí àádọ́ta tàbí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí ó ń kan àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti rí i pé àwọn lè mú hítà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ òde òní, kí àwọn sì fi rọ́pò èyí tí ó bàjẹ́. Òótọ́ ni pé ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé, bí ohun èlò tuntun náà bá ti lè wọ inú àpótí tí ti àtijọ́ wà, wọ́n a rò pé iṣẹ́ ti parí. Iṣẹ́ kò tíì parí. Ó ní àwọn nǹkan mẹ́rin tí ó gbọ́dọ̀ bára mu kí ọkọ̀ náà tó lè ní ìsinmi.

Kí ni hítà ń ṣe gan-an?

Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ooru tí ó ń mú jáde pọ̀ ju èyí tí ó nílò lọ. Omi ni ó ń gbé ooru náà kúrò lára irin, tí ó ń gbé e lọ sínú rẹdiétọ̀ ńlá tí ó wà níwájú ọkọ̀, kí atẹ́gùn lè fẹ́ ẹ tutù. Hítà kò dá iná tirẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń yá díẹ̀ lò nínú omi gbígbóná yìí. Páìpù kan yóò fa omi láti ara ẹ́ńjìnnì wá sínú rẹdiétọ̀ kékeré kan tí ó wà nítòsí dáṣíbọ́ọ̀dù, páìpù kejì yóò sì dá a padà sọ́dọ̀ pọ́ǹpù omi. Fáànù kan wà tí ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba àárín rẹdiétọ̀ kékeré náà kọjá. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń wọ inú ọkọ̀ ní gbígbóná, tí apá kan ń lọ sí ibi ẹsẹ̀, tí apá kan sì ń lọ sí ara gíláàsì iwájú láti pa èémí tí ó ṣú bò ó rẹ́.

Àwọn tí wọ́n mọ ọkọ̀ Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá yóò rántí pé kò ní rẹdiétọ̀ rárá. Afẹ́fẹ́ ni ó ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù, ooru tí ó wà lára páìpù èéfín ni wọ́n sì ń lò láti mú inú rẹ̀ móoru. Ṣùgbọ́n Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975, omi ni ó ń lò, ó sì ní hítà tirẹ̀, bí ẹni tí ó ni ín kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án rí.

Ọkọ̀ kan tí ó dára láti fi ṣe àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ yìí ni MGB, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ṣe ní ìlú Abingdon, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ọdún 1962 sí ọdún 1980. Iye tí wọ́n ṣe lé ní 500,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ṣí lórí. Ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, hítà kò sí lára iye tí wọ́n ń ta ọkọ̀ náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ ni yóò san owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Inú àpótí irin kan ni rẹdiétọ̀ kékeré rẹ̀ wà, wọ́n sì gbé àpótí náà sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, lára ògiri irin tí ó pín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀ níyà.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti ń jò

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Hítà kì í ṣàdédé bẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa ń ṣe àmì kí ó tó dójú ẹ̀. Àmì àkọ́kọ́ ni òórùn dídùn kan tí yóò máa rùn nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n bá tan fáànù. Òórùn kúláǹtì ni, ìyẹn èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ omi ẹ́ńjìnnì kí ó má baà di yìnyín, kí irin má sì dípẹtà. Àmì kejì ni pé gíláàsì iwájú yóò ní ohun kan bí òróró láti inú, bí wọ́n bá nù ún, yóò tún padà wá. Àmì kẹta ni pé kápẹ́ẹ̀tì ibi ẹsẹ̀ yóò rin. Àmì kẹrin sì ni pé omi rẹdiétọ̀ yóò máa dínkù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀kán omi kan lábẹ́ ọkọ̀.

Ẹni tí ó bá rí àwọn àmì wọ̀nyí tí ó sì dágunlá, ewu méjì ni ó ń fi ọwọ́ fà. Èkíní, omi ẹ́ńjìnnì lè gbẹ lójú ọ̀nà, kí ẹ́ńjìnnì gbóná jù, kí gásíkẹ́ẹ̀tì orí rẹ̀ sì jó. Èkejì, bí ibi tí ó ń jò bá ya lójijì, omi tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ hó lè tú sí ẹsẹ̀ awakọ̀, kí ooru rẹ̀ sì bo gíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí eré.

Ọ̀nà mẹ́ta tí ó wà nílẹ̀

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí wọ́n gbé rẹdiétọ̀ kékeré náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń tún rẹdiétọ̀ ṣe. Bàbà àti idẹ ni wọ́n fi ṣe ti àtijọ́, òjé ni wọ́n sì fi jó o pọ̀. Oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ lè yọ àárín rẹ̀ tí ó ti jẹ, kí ó fi tuntun sí i, kí ó sì dá ẹnu páìpù rẹ̀ àtijọ́ padà sí ipò rẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, èyí ni ó dára jù fún ẹni tí ó fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ rí bí ó ṣe rí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n ra èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ní àwòṣe ti àtijọ́. Ọkọ̀ bíi MGB ní oríire ní ti èyí, nítorí pé títí di òní ni wọ́n ṣì ń ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀yà ara rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ àtijọ́ ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ti kógbá sílé, tí kò sì sí ẹni tí ń ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà kẹta ni kí wọ́n wá hítà ọkọ̀ òde òní tí ó súnmọ́ ọn ní ìwọ̀n, kí wọ́n sì tún àpótí rẹ̀ ṣe láti gbà á. Ti òde òní, alumíníọ̀mù ni. Lóòótọ́, bí a bá fi irin méjèèjì wéra, bàbà ń gbé ooru ju alumíníọ̀mù lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù fúyẹ́, kò wọ́n tó bàbà, àwọn tí wọ́n ń fi ṣe rẹdiétọ̀ sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, kí afẹ́fẹ́ lè fara kan ibi púpọ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, èyí tí wọ́n bá ṣe dáadáa lè mú inú ọkọ̀ gbóná ju ti àtijọ́ lọ. Ọ̀nà kẹta yìí gan-an ni ó gba ìmọ̀ jù.

Nǹkan mẹ́rin tí ó gbọ́dọ̀ bára mu

Èkíní ni ìwọ̀n àti ọ̀nà afẹ́fẹ́. Gígùn, ìbú àti nínípọn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí àpótí lè gbà láì tẹ̀ ẹ́, láì sì fún un pọ̀. Bí tuntun bá kéré sí àpótí, afẹ́fẹ́ yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láì fara kan ooru, òtútù ni yóò sì máa fẹ́ wọ inú ọkọ̀. Fóòmù ni wọ́n fi ń dí àlàfo bẹ́ẹ̀, kí ó jẹ́ irú èyí tí kì í fa omi mu. Fóòmù àtijọ́ tí ó wà nínú àpótí MGB náà sábà máa ń ti rún bí ìyẹ̀fun, ó sì tó kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti ṣí i. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n gbé rẹdiétọ̀ kékeré náà sí ipò tí omi yóò fi máa gba ìsàlẹ̀ wọlé, kí ó máa gba òkè jáde, kí afẹ́fẹ́ má baà há sínú rẹ̀.

Èkejì ni ẹnu páìpù. Hóòsì hítà MGB kò ju nǹkan bí ìlàjì ínṣì lọ ní inú, ìyẹn mìlímítà 13. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní ń lo mìlímítà 16 tàbí 19. Àwọn kan máa ń fi tipátipá fa hóòsì kékeré bo ẹnu páìpù ńlá, tàbí kí wọ́n fi kílíìpù fún hóòsì ńlá mọ́ ẹnu páìpù kékeré. Méjèèjì kò dára, yóò jò. Páìpù ìsopọ̀ tí ẹnu rẹ̀ kan tóbi tí èkejì kéré wà lọ́jà, òun ni ó yẹ kí wọ́n lò.

Ẹ̀kẹta ni agbára tí omi fi ń tì. Ìdérí rẹdiétọ̀ kì í ṣe fún dídé nìkan, òun ni ó ń sọ bí omi ṣe lè fún mọ́ra tó kí ó tó wá ọ̀nà jáde. Bí omi bá ṣe fún mọ́ra tó ni yóò ṣe pẹ́ tó kí ó tó hó. Ìdérí àwọn MGB àkọ́kọ́ kì í ju páùn 7 tàbí 10 lọ lórí ínṣì kan níbùú lóròó, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní tó páùn 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Hítà òde òní lè gba èyí tí ó pọ̀, ṣùgbọ́n rẹdiétọ̀ ńlá àtijọ́ àti àwọn hóòsì rẹ̀ kò lè gbà á. Nítorí náà, pé wọ́n ti fi hítà tuntun sí i kò sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ ìdérí. Ìdérí tí ọkọ̀ náà ń lò tẹ́lẹ̀ ni kí ó máa lò lọ.

Ẹ̀kẹrin ni iná mànàmáná, fún ẹni tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ fáànù pẹ̀lú. Ibí yìí ni ó ti ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọkọ̀ òde òní, ẹnu bátìrì tí wọ́n fi àmì ìyọkúrò sí ni wọ́n ń so mọ́ ara ọkọ̀. Ṣùgbọ́n MGB tí wọ́n ṣe títí di ọdún 1967, ẹnu tí ó ní àmì ìròpọ̀ ni wọ́n so mọ́ ara rẹ̀. Bí wọ́n bá so fáànù òde òní mọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láì yẹ̀ ẹ́ wò, ó lè máa yí sẹ́yìn, kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ má sì lágbára. Bí ó bá sì ní ẹ̀rọ kékeré tí ń darí eré rẹ̀, ìyẹn lè jó lójú ẹsẹ̀. Bákan náà, fáànù tí ó lágbára lè fa iná ju èyí tí wáyà àti súìṣì àtijọ́ lè gbé lọ. Rílè àti fíúùsì tirẹ̀ ni kí wọ́n fún un, kí wáyà má baà gbiná.

Yíyọ rẹ̀ àti fífi tuntun sí i

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Àwọn tí ó ti yọ hítà MGB rí mọ ìtumọ̀ òwe yìí. Kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ tutù pátápátá, nítorí ẹni tí ó bá ṣí ìdérí rẹdiétọ̀ ní gbígbóná, ojú rẹ̀ ni omi yóò tú sí. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tú ẹnu bátìrì kúrò, wọn yóò da omi náà sínú ike, wọn yóò tú hóòsì méjèèjì àti wáyà fáànù, wọn yóò sì tú okùn irin tí ń darí ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ láti inú dáṣíbọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tú síkúrúù tí ó mú àpótí náà mọ́ ògiri irin. Ibi tí ó ti máa ń le ni pé fóòmù ìdí rẹ̀ àti kíkùn ti lẹ̀ mọ́ irin láti ọdún pípẹ́. Kí wọ́n máa mì í díẹ̀díẹ̀ ni, bí wọ́n bá fi irin já a, àpótí yóò tẹ̀.

Hóòsì tí ó ti le mọ́ ẹnu páìpù, ọ̀bẹ ni kí wọ́n fi là á ní gígùn, kí wọ́n má fà á. Owó hóòsì kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹnu páìpù bàbà tí ó bá ya, iṣẹ́ ńlá ni yóò dá sílẹ̀.

Kí wọ́n tó fi tuntun sínú àpótí, kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò níta. Wọn yóò dí ẹnu kan, wọn yóò rì í sínú bàsíà omi, wọn yóò sì fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i láti ẹnu kejì. Kí afẹ́fẹ́ náà má lágbára ju iye tí ìdérí rẹdiétọ̀ gbà lọ. Bí omi bá ń hó pùkẹ̀ pùkẹ̀ níbì kan, ó ń jò nìyẹn, kí wọ́n dá a padà fún ẹni tí ó tà á. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni èyí gbà, ṣùgbọ́n ó lè gba ènìyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ ọjọ́ méjì.

Fáàfù tí ń ṣí omi sí hítà náà wà lára orí ẹ́ńjìnnì MGB. Bí ó bá ti ń jò tàbí tí ó ti há, àsìkò yìí ni kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n sì tún yẹ tàmọ́sítáàtì wò, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí kì í jẹ́ kí omi kọjá sínú rẹdiétọ̀ ńlá títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó. Èyí tí wọ́n sábà ń lò fún MGB máa ń ṣí ní ìwọ̀n 82 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ó bá ti há ní ṣíṣí, omi kò ní í gbóná tó láéláé, ẹni tí kò mọ̀ yóò sì rò pé hítà tuntun ni kò dára.

Ọ̀rọ̀ kúláǹtì

Ọ̀rọ̀ irin wà nínú èyí pẹ̀lú. Nígbà tí hítà alumíníọ̀mù bá wọ inú ọkọ̀ àtijọ́, omi kan náà ni yóò máa gba ara irin ẹ́ńjìnnì, bàbà rẹdiétọ̀ àti alumíníọ̀mù hítà kọjá. Irin wọ̀nyí kì í bá ara wọn gbé ní ìrọ̀rùn. Ìwọ̀nba bàbà tí ó bá yọ́ sínú omi yóò lọ bà lé alumíníọ̀mù, yóò sì máa jẹ ẹ́ ní ihò wẹ́wẹ́. Ohun tí ó ń dáàbò bò ó ni èròjà tí ó wà nínú kúláǹtì, èròjà náà a sì máa rẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń pẹ́. Nítorí náà ni wọ́n fi ń pààrọ̀ kúláǹtì tí wọ́n ń lò fún ọkọ̀ àtijọ́ ní ọdún méjì méjì. Àwọn kúláǹtì kan wà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tuntun nìkan, kí ẹni tí rẹdiétọ̀ rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi òjé jó wo ara ike náà dáadáa kí ó tó rà á. Bí wọ́n bá pò ó mọ́ omi ní ìdajì sí ìdajì, omi náà kò ní í dì títí òtútù yóò fi sọ̀kalẹ̀ dé nǹkan bí ìwọ̀n 37 sí ìsàlẹ̀ òdo.

Àmọ́ májèlé ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ó dùn lẹ́nu, ajá, ológbò àti ọmọdé sì lè lá a. Ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè pani. Èyí tí wọ́n bá tú kúrò nínú ọkọ̀, kí wọ́n má dà á sí gọ́tà, kí wọ́n má sì gbé e sílẹ̀ láì dé e.

Nílé ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ń wọ Nàìjíríà láti ìlú òtútù ni ó ní hítà nínú. Bí ó bá jò, ohun tí mẹkáníìkì sábà ń ṣe ni pé yóò yọ hóòsì méjèèjì, yóò sì fi páìpù kékeré kan so wọ́n pọ̀, kí omi má baà dé ọ̀dọ̀ hítà mọ́. Ní ilẹ̀ olóoru, ọgbọ́n ni. Sísopọ̀ yìí sàn ju dídí ẹnu méjèèjì pa lọ, nítorí pé nínú àwọn ọkọ̀ kan, ọ̀nà hítà wà lára ọ̀nà tí omi ń gbà yí ẹ́ńjìnnì ká kí tàmọ́sítáàtì tó ṣí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ń pàdánù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbóná jù nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, tí omi kò sì tíì tán nínú rẹ̀, ẹni tí hítà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lè tan án dé òpin, kí ó ṣí fèrèsé. Hítà yóò bá a fa díẹ̀ nínú ooru ẹ́ńjìnnì kúrò, títí yóò fi rí ibi tí yóò dúró sí. Ohun kejì tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ nílé ni pé kì í ṣe nítorí yìnyín nìkan ni kúláǹtì ṣe wà. Ẹni tí ó bá ń da omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ lásán sínú rẹdiétọ̀, ìpẹtà ni ó ń dá sílẹ̀, rẹdiétọ̀ kékeré tí ihò rẹ̀ tín-ín-rín ni ìpẹtà náà sì tètè máa ń dí tàbí kí ó jẹ.

Ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò?

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé ọkọ̀ tí ó bá ti lé ní 40 ọdún, tí wọn kò sì tíì yí i padà lọ́nà tí ó lágbára, kò pọn dandan kí ó ṣe àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT. Èyí mú ìrọ̀rùn bá àwọn tí wọ́n ni ọkọ̀ àtijọ́, ṣùgbọ́n ó tún gbé ẹrù lé wọn lórí. Òfin kò yọ̀ǹda fún ẹnikẹ́ni láti wa ọkọ̀ tí kò dára lójú pópó, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹlòmíràn mọ́ tí ó pọn dandan fún láti yẹ iṣẹ́ náà wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹni tí ó fi hítà òde òní sínú ọkọ̀ àtijọ́ ni yóò máa ṣe ayẹ̀wò ara rẹ̀.

Nítorí náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tò ó tán, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ ní ojú kan títí géèjì yóò fi dúró sí ipò rẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ kan hóòsì méjèèjì pẹ̀lú ìṣọ́ra. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì sì tutù, afẹ́fẹ́ ti há sínú rẹ̀ nìyẹn tàbí kí fáàfù má tíì ṣí. Kí wọ́n tún àwọn kílíìpù fún lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, kí wọ́n sì wo omi rẹdiétọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ó bá ti tutù. Èyí tí wọ́n yọ, kí wọ́n má jù ú nù. Kí wọ́n fi aṣọ wé e, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, kí wọ́n sì gbé e pamọ́, nítorí ẹni tí yóò ra ọkọ̀ náà ní ọjọ́ iwájú lè fẹ́ dá a padà sí bí ó ti wà, oníṣẹ́ rẹdiétọ̀ tí yóò sì bá a ṣe é yóò nílò ẹnu páìpù àtijọ́ náà.